Bàbá Àlàyé àti Kànga Apẹtẹ

Títí di òní, bí wọ́n bá dárúkọ Adéróunmú ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí tó wà ní Ring Road, Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ inú ìbọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ.

Lọ́jọ́ náà, àwọn òyìnbó tó ń fi owó ran ilé-iṣẹ́ ìwádìí náà lọ́wọ́ wá láti òkè òkun. Wọ́n jókòó sí yàrá ìpàdé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ń mu mínírà tí kò tutù. Dókítà Àyànṣọlá, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà, wọ kóòtù tuntun, ó sì ń làágùn, nítorí àwọn NEPA ti mú iná lọ láti àárọ̀. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá tí Adéróunmú ń tọ́jú àwọn díísìkì sí.

"Adéróunmú, díísìkì ti kànga Àgbowó. Kíá!"

"Sà, kò tíì ní káàdì."

"Káàdì wo?"

"Káàdì àlàyé, sà. Ẹni tó kó dátà náà jọ, ibi tó ti kó o, ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan dúró fún. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kó o wá, ẹ ò sì tíì kọ nǹkan kan. Bí mo bá fún yín báyìí, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tí ẹ mú lọ́wọ́."

Dókítà na ọwọ́ sí dúrọ́ọ̀. Kí ọwọ́ náà tó débẹ̀, Adéróunmú ti tì í pa, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ó sì ti nàró bí sójà. Àwọn àlejò gbọ́ ariwo, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ni ọ̀gá àgbà lórí ìkúnlẹ̀ nínú kóòtù tuntun, tó di ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ mú, tí òṣìṣẹ́ náà sì fi ẹsẹ̀ kan dúró, tó fọwọ́ ti ògiri, tó ń sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ kọ káàdì náà, sà. Kò ní pẹ́."

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí eyín ń dùn. Ó jókòó, wọ́n fún un ní bírò, ó kọ káàdì. Adéróunmú kà á, ó dá a padà. "Sà, ẹ ò kọ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fi dátà yìí ṣe." Ó tún un kọ. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n padà sílé, wọ́n kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn pé nínú gbogbo ibi táwọn dé, Ìbàdàn nìkan làwọn ti rí ọ̀gá tó ń kúnlẹ̀ fún dátà.

Owó ọdún kejì wọlé nítorí ìbọ̀sẹ̀ yẹn. Dókítà ná owó náà, ṣùgbọ́n kò dárí ji ìbọ̀sẹ̀.

Ọmọ Ìlá ni Adéróunmú. Yunifásítì ló gbé e wá sí Ìbàdàn, kò sì padà mọ́. Ó ń gbé ní Mọ́kọ́lá, lẹ́yìn àwọn mẹkáníìkì, pẹ̀lú Jọlá ìyàwó rẹ̀. Ó ga, ó tín-ínrín, ó sì máa ń fa ṣòkòtò sókè débi pé bẹ́líìtì rẹ̀ àti táì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bára wọn sọ̀rọ̀. Ó ti lọ kọ́ṣẹ́ kan rí ní ilẹ̀ Họ́láńdì. Kò lò tó ọdún kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bí ogún ọdún ló fi ròyìn rẹ̀. Bó bá ti ní, "Nígbà tí mo wà ní Họ́láńdì," gbogbo èèyàn á rántí pé àwọn níṣẹ́ níbòmíràn.

Ohun tó rí níbẹ̀ kò ju èyí lọ: ẹnikẹ́ni lè wọ inú ilé-iṣẹ́ tó ti kọ́ṣẹ́ náà, kó mú iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ṣe, kó sì lò ó bó ṣe yẹ, bí ẹni tó ṣe é tilẹ̀ ti kú. Nígbà tí Adéróunmú dé Ring Road, yàrá kan tó kún fún díísìkì ló bá. Wọ́n kọ "Tuntun" sára òmíràn, wọ́n kọ "Tuntun Gan-an" sára òmíràn, wọ́n sì kọ "Èyí Gan-an Ni" sára bíi mélòó kan. Ó bi àwọn òṣìṣẹ́ pé èwo gan-an ni. Kálukú nawọ́ sí tirẹ̀.

"Dátà tí kò ní àlàyé, ẹrù ni," ó sọ fún wọn. "Ọjọ́ tó bá ní àlàyé ló tó di ohun ìní."

Báyìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Bàbá Àlàyé. Ó ní kí káfíńtà kan bá òun kan àpótí onídúrọ́ọ̀ gbọọrọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to káàdì sínú rẹ̀, díísìkì kan, káàdì kan. Ẹni tó bá ń wá nǹkan, káàdì ni yóò kọ́kọ́ kà. Yóò rí orúkọ dátà náà, ẹni tó kó o jọ, àdúgbò tí wọ́n ti kó o, ìtumọ̀ àwọn nọ́ńbà rẹ̀ àti àbùkù ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àbùkù yìí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Sùrájù, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń lọ bèèrè ọ̀rọ̀ láti ojúlé dé ojúlé, kọ ọ́ sórí káàdì tirẹ̀ pé kò sí àbùkù kankan.

Adéróunmú pè é. "Sùrájù, obìnrin kan wà nínú díísìkì rẹ yìí, ará Mọ́níyà. Ó ti bímọ kí wọ́n tó bí òun fúnra rẹ̀."

Sùrájù wo kọ̀ǹpútà, ó wo òkè àjà. "Sà," ó ní, "Mọ́níyà jìnnà."

Wọ́n ń kùn, wọ́n sì ń kọ káàdì. Nígbà tí bàbá Sùrájù kú tó lọ sìnkú ní Ìsẹ́yìn, ìròyìn kan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde. Olúkẹ́mi, ọ̀dọ́bìnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà, ka káàdì, ó mú díísìkì tó yẹ, ó parí iṣẹ́ náà láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Sùrájù dé, ó bá a pé iṣẹ́ ti lọ láìsí òun. Ó bínú ju bó ṣe bínú nígbà tí bàbá rẹ̀ kú.

Nílé, kò yàtọ̀. Gbogbo agolo ilé ìdáná ló lẹ bébà mọ́. Èyí tó wà lára iyọ̀ kà pé: "Iyọ̀. Jọlá ló rà á. Kì í ṣe ṣúgà." Jọlá fara mọ́ ọn. Ìyá Jọlá wá kí wọn lọ́jọ́ kan, oorun gbé e lọ lórí àga, nígbà tó sì jí, ó bá bébà lára báàgì rẹ̀: "Báàgì Ìyá. Ìyá fúnra wọn ló gbé e wá. Ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e lọ: a kò tíì mọ̀." Ìyá gbé e lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ní ọjà Bódìjà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀wà, wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti òkèèrè. Obìnrin kan tí kò mọ̀ ọ́n rí ló kó sí i lọ́wọ́.

"Ẹ̀wà yìí, ibo ló ti wá?"

"Òkè Ọya ni, bàbá."

"Ibo ní Òkè Ọya?"

"Ẹ̀n-ẹ́n? Kánò ni."

"Ta ló gbìn ín? Ìgbà wo ni wọ́n ká a? Àwọn wo ló wà nílé tó ti wá, ṣé kòkòrò ò bá wọn jà rí?"

Obìnrin náà gbé kóńgò kalẹ̀. "Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ fẹ́ ra ẹ̀wà ni, àbí ẹ fẹ́ fi ṣaya?"

Aládùúrà ni Adéróunmú, ó ń wọ sùtánà funfun, kì í sì í pa ìsìn jẹ. Lọ́jọ́ Àìkú kan, wòlíì ìjọ náà dìde, ó ní òun rí ọkùnrin gíga kan nínú ìjọ tí ewu wà níwájú rẹ̀. Adéróunmú dìde, nítorí òun ló ga jù. "Ẹ ṣé, wòlíì. Ìran yìí, ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ rí i, àbí wọ́n sọ ọ́ fún yín? Lọ́jọ́ wo? Ewu náà, irú èwo ni? Ìran tí ẹ rí kẹ́yìn tí kò ṣẹ, báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èyí?" Láti ọjọ́ náà, ojú ọ̀run ṣú pátápátá sí ọ̀rọ̀ Adéróunmú. Wòlíì kò rí nǹkankan nípa rẹ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀, ewu ń bọ̀ lóòótọ́.

Iṣẹ́ kànga tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Àgbowó ti dé Mọ́níyà àti Apẹtẹ. Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń bu omi kànga lọ yẹ̀ wò, wọ́n sì ń fi nọ́ńbà kọ ohun tí wọ́n bá rí. Ní Àgbowó àti Mọ́níyà, ení ni omi tó dára, èjì ni omi tí kò dára. Ẹgbẹ́ Sùrájù lọ sí Apẹtẹ, wọ́n yí i padà. Ení di omi burúkú, èjì di omi rere.

"Sùrájù, kí ló dé tí o yí i?"

"Sà, omi burúkú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èyí tó bá pọ̀ jù ló yẹ kó ṣáájú."

Adéróunmú fi ọwọ́ bo ojú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú bírò pupa, ó kọ ọ́ gàdàgbà sórí káàdì pé ní Apẹtẹ, ení ni omi burúkú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe da dátà ibẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àdúgbò yòókù láìkọ́kọ́ yí i padà. Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó kà á fún wọn, ó tún un kà. Àwọn kan ń sín in jẹ lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe ń kà á.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn òyìnbó fi kọ̀ǹpútà tuntun ránṣẹ́. Dókítà Àyànṣọlá wọ yàrá díísìkì, ó wo àpótí gbọọrọ náà bí ẹni tó ń wo àna tí kò fẹ́ padà sílé.

"Gbogbo nǹkan ti wà nínú kọ̀ǹpútà báyìí. Kí la tún ń fi káàdì ṣe?"

"Sà, nọ́ńbà ló wà nínú kọ̀ǹpútà. Inú àpótí yìí ni ìtumọ̀ rẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí èmi àti Olúkẹ́mi tẹ̀ ẹ́ wọlé."

"Ó dára," ni Dókítà wí. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ní kí Adéróunmú máa lọ sílé.

Wọ́n ṣe ìdágbére fún un o. Wọ́n ra mítípáì, wọ́n fún un ní aago ògiri. Dókítà gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Bàbá Àlàyé ti ṣàlàyé tó. Ẹ jẹ́ kí etí wa sinmi." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Adéróunmú náà rẹ́rìn-ín, aago wà láyà rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tó jáde tán, wọ́n gbé àpótí kúrò, wọ́n sì gbé fíríìjì Dókítà síbẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ó ń kọjá lọ nísàlẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà, ó rí obìnrin tó máa ń sun àgbàdo níbẹ̀. Káàdì ni obìnrin náà ń fi fẹ́ná. Káàdì tó le dáadáa, tí ìwé kíkọ gátagàta kún ojú rẹ̀.

"Ìyá, níbo lẹ ti rí èyí?"

"Òkè ni wọ́n ti dà wọ́n nù. Ó ń mú iná ràn ju abẹ̀bẹ̀ lọ."

Ó gbà á, ó wò ó. Ọwọ́ tirẹ̀ ni, káàdì iye owó gààrí ní Dùgbẹ̀. Ó kà á tán, ó dá a padà fún un. Ó ra àgbàdo, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó sì ń wo bí iná náà ṣe ń ràn. Nígbà tó délé, Jọlá bi í pé kí ló dé tí ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní èéfín ni. Jọlá ní àlàyé tó kúrú jù lọ tí òun gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí nìyẹn.

Òjò ọdún náà pọ̀, àrùn onígbáméjì sì bá òjò wọlé. Ìjọba ìbílẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ìwádìí pé kí wọ́n fi kànga tí omi rẹ̀ kò dára han àwọn, káwọn lè dí wọn pa. Dókítà ní kí wọ́n da ti àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kíákíá. Wọ́n dà á pọ̀. Wọ́n ti gbàgbé ohun tí Adéróunmú kà fún wọn, kò sì sí ohun tó sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró. Ohun tí ìbá sọ bẹ́ẹ̀ ti jóná lábẹ́ àgbàdo. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé sìmẹ́ńtì àti ọ̀dà funfun lọ sí Apẹtẹ. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí kànga rere, wọ́n sì fi ọ̀dà kọ "Ó DÁRA" sí ẹnu kànga burúkú.

Olúkẹ́mi ló kọ́kọ́ fura, nígbà tí ìròyìn ń dé pé ọ̀rọ̀ Apẹtẹ ń le sí i dípò kó rọlẹ̀. Ó lọ bá Dókítà. Dókítà ní ìròyìn àwọn ti jáde, ẹni tó bá tún sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó máa wá iṣẹ́ míràn. Ló bá wọkọ̀ lọ sí Mọ́kọ́lá.

"Ẹ kúulé, sà. Sà, ní Apẹtẹ... ṣé ení ni omi burúkú?"

Adéróunmú kò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó wọ bàtà. Olúkẹ́mi ní ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó ba òun.

Ọ̀kadà ló gbé wọn dé Apẹtẹ. Wọ́n bá èrò tó tò síwájú kànga Àlàájà Safiyyah, onílé kan tó jẹ́ opó, tí gbogbo àdúgbò bọ̀wọ̀ fún. Kànga òdìkejì ọ̀nà ti di sìmẹ́ńtì, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń pọn sí. Kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, omi yìí kò dára," ni Adéróunmú wí.

"Ta ni yín?"

"Ẹni tó mọ ìtumọ̀ nọ́ńbà rẹ̀ ni mí."

"Ìjọba kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó dára, ẹ̀yin wá ń sọ nọ́ńbà fún mi? Ẹ kúrò lẹ́nu kànga mi! Sàárà ni mo fi omi yìí ṣe."

Ó ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé ti Àgbowó, ó ṣàlàyé ti Mọ́níyà, ó ṣàlàyé ení àti èjì. Àwọn tó tò síwájú kànga ń wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò wọlé, ó fa páànù bo ẹnu kànga, ó jókòó lé e lórí, ó sì ṣí agboòrùn rẹ̀.

Wọ́n bú u, kò dìde. Akẹ́kọ̀ọ́ Pólì kan gbé kẹ́ẹ̀gì wá síwájú rẹ̀. "Baba, abeg comot, we wan fetch." Adéróunmú gbójú sókè. "Ọmọ mi, nígbà tí mo wà ní Họ́láńdì..." Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Kó tó dé ibi tí wọ́n ti fún un ní wàràkàṣì, akẹ́kọ̀ọ́ náà ti gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó ti sá lọ. Bóyá Họ́láńdì ló gba ẹ̀mí ọmọ yẹn là.

Àlàájà mú abọ́ omi wá. "Ó dáa. Bó bá burú lóòótọ́, ẹ mu ún kí n rí i."

"Àlàájà, àlàyé ni mo wá ṣe. Mi ò wá kú."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àlàájà náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jáde. Ó dúró pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Ọmọ ayálégbé rẹ̀ kan ti kú lọ́sẹ̀ náà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ Ìdrís sì wà ní ọsibítù tí wọ́n ń fa omi sí i lára. Ó wo abọ́ náà, ó wo Adéróunmú. Ohùn rẹ̀ yí padà.

"Bàbá. Ṣé omi sàárà mi ni?"

Gbogbo wọn dojú kọ ọkùnrin tó wà lábẹ́ agboòrùn. Olúkẹ́mi dúró kó sọ̀rọ̀. Bàbá Àlàyé, tó ti ṣàlàyé iyọ̀, tó ti ṣàlàyé ẹ̀wà, tó ti bi wòlíì léèrè ọ̀rọ̀ ọ̀run, dìde kúrò lórí páànù. Ó gba abọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, ó sì da omi rẹ̀ nù sílẹ̀.

Àlàájà Safiyyah fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé òkúta lé ẹnu kànga náà.

Ìdrís yè é, ṣùgbọ́n ó rù bí ìgbálẹ̀. Àwọn míràn kò yè é. Adéróunmú lọ sí Ring Road láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tó ti ń kí i fún ọdún púpọ̀ ní wọ́n ní kí òun má jẹ̀ẹ́ kó wọlé. Ó lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ní kó lọ mú lẹ́tà wá láti ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní òun kò ní ilé-iṣẹ́. Wọ́n ní a jẹ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Àlàájà ni kò bá wọn jiyàn. Ó kó àwọn obìnrin Apẹtẹ lẹ́yìn, wọ́n gbé korobá omi kànga náà lọ síwájú alága ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n sì ní àwọn kò ní lọ àfi bó bá mu nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ dé Apẹtẹ. Wọ́n fọ́ sìmẹ́ńtì kúrò lẹ́nu kànga rere, wọ́n sì kun ọ̀dà pupa sí ti burúkú. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní òjò ló pa ọ̀dà ti àkọ́kọ́ rẹ́. Wọ́n ní kò sí àṣìṣe ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ní ìparí ọdún, wọ́n gbé Dókítà Àyànṣọlá ga, ó lọ sí Àbújá, ó sì gbé fíríìjì rẹ̀ dání.

Olúkẹ́mi kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ó máa ń wá sí Mọ́kọ́lá, Adéróunmú á jókòó sí kọ̀rọ̀ fèrèsé, á sì máa pe àwọn káàdì tó jóná náà láti inú orí fún un, kó lè tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà. Ìgbà míràn, á pa ojú dé, kò ní rántí.

"Sà, ẹ jẹ́ ká kọ ohun tó bá sún mọ́ ọn."

"Rárá o. Kọ ọ́ pé a kò mọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò mọ̀ wá, Olúkẹ́mi. Má jẹ̀ẹ́ kó gbẹ́kẹ̀ lé irọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ tuntun tó ń wọ iṣẹ́ náà ń kà á lójú kọ̀ǹpútà, wọn ò sì mọ̀ pé ẹnì kan tí wọ́n lé lọ ló ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Ó kù díẹ̀ kí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun wọlé ni ẹ̀jẹ̀ ríru dá Adéróunmú wó. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan mú abẹ́rẹ́ wá. Adéróunmú bi í pé kí ni orúkọ abẹ́rẹ́ náà, ta ló ní kí wọ́n gún un, kí ni kì í bá a rìn. Nọ́ọ̀sì lọ pe dókítà ọsibítù náà. Dókítà wá, ó dáhùn gbogbo rẹ̀, ó sì jáde lọ bínú. Kò pẹ́ tó fi padà wọlé sáré. Nígbà tó ń dáhùn ló rí i pé abẹ́rẹ́ ẹlòmíràn ni.

Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n gún un, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù fún ọkàn rẹ̀. Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú, Jọlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Dókítà Àyànṣọlá ti Àbújá wá sìnkú. Ó wọ agbádá, ó dìde níwájú ìjọ, ó ní olóògbé jẹ́ òpómúléró, ó ní ìgbà gbogbo lòun máa ń gba ìmọ̀ràn rẹ̀. Àlàájà Safiyyah jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìborùn lórí, ó pòṣé débi pé akọrin ṣi orin bẹ̀rẹ̀. Dókítà kò dúró jẹun. Awakọ̀ rẹ̀ ti tan ọkọ̀ kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán.

Nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti lọ, díẹ̀ ṣẹ́ kù lórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Sùrájù ló bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti obìnrin Mọ́níyà, ó ní òun ṣì ń wá a káàkiri kí òun lè bẹ̀ ẹ́. Olúkẹ́mi sọ ti kọ́kọ́rọ́, ó sì dìde fi ẹsẹ̀ kan dúró láti fi hàn wọ́n. Àlàájà rẹ́rìn-ín títí tó fi ń fi etí ìborùn nu ojú, ó sì ń nù ún lọ lẹ́yìn tí ẹ̀rín ti tán.

Jọlá yọ lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ dúdú. Gbogbo wọn pa ẹnu mọ́.

"Kí lẹ ń dákẹ́ fún?" ó bi wọ́n. "Ẹ máa sọ ọ́ lọ."

Wọ́n sún fún un, ó jókòó. "Ẹnu ọkùnrin yẹn dà mí láàmú. Mo máa ń dìde lọ síta kí n lè sinmi. Ní báyìí, mo ń jí láàárọ̀, mo ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo ń dúró kó bẹ̀rẹ̀."

Sùrájù wo ilẹ̀. Àlàájà di ọwọ́ Jọlá mú. Ọyẹ́ ń fẹ́ eruku pupa kọjá níwájú wọn, oòrùn sì ti ń wọ̀ lẹ́yìn òrùlé páànù Mọ́kọ́lá. Olúkẹ́mi ní, "Ìyá, ṣé ẹ ti gbọ́ ti wòlíì?" Jọlá ní òun wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kó sọ ọ́. Ó sọ ọ́, wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín jẹ́jẹ́. Olùṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì mú kọ́kọ́rọ́ wá láti ti géètì, ó rí wọn, ó sì padà. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde.